Ẹyin Abẹ́ Igi Ọsàn

Ọ̀rẹ́ mi, òórùn ìgbẹ́ adìyẹ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí ni mo fi ń rántí àdúgbò wa ní Ìyànà Ọ̀fà. Oko adìyẹ kan wà lẹ́yìn ilé wa. Nítorí oko yẹn ni obìnrin kan tó jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì ṣe wá gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, òun àti ọkọ rẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Bí ọmọ adìyẹ ṣe ń di odidi nínú ẹyin ni ó ń ṣe ìwádìí lé lórí.

Ní ìrọ̀lẹ́, yóò pa fèrèsé dé, yóò gbé ẹyin lé orí tọ́ọ̀ṣì, yóò sì pe èmi àti ìyàwó mi. A ó rí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tàn ká bí gbòǹgbò ewéko, àti ohun kékeré kan tó ń mì láàárín rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ọkàn rẹ̀ nìyẹn,” ni yóò wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó sùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé pupa ẹyin ló ń di ọmọ. Kò rí bẹ́ẹ̀, oúnjẹ ọmọ ni. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Ẹyin tí ọkàn ọmọ inú rẹ̀ bá ti dákẹ́, inú garawa ìdọ̀tí ló ń jù ú sí, kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyàwó mi a máa bá a dápàárá: “Àgbébọ̀ tó ń sàba lé ẹyin ẹlẹ́yin, ìgbà wo lo máa sàba tìrẹ?” Àwọn méjèèjì a sì rẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Nígbà tí oyún dúró sí i nínú lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ìyàwó mi ló kọ́kọ́ sọ fún.

Òkú ni ó bí ọmọ náà.

Láàárín àwa Yorùbá, òbí kì í mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ tó kú sí. Èmi àti ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ la gbé e lọ sí etí oko kan, a sì fẹnu kò pé a ò ní sọ. Nígbà tí ìyá ọmọ ti ilé ìwòsàn dé, ó wá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, omi ọmú ti rin ín láṣọ.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn nàka sí apá ibẹ̀ fún mi. Mi ò ní lọ.”

“Àbúrò mi, a kì í sọ ọ́.”

Ó mi orí, ó dìde.

Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, mo rí i lábẹ́ igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́, garawa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹyin tó kú ló ń sin, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ iyẹ̀pẹ̀ lé wọn. Kò gbójú sókè. Ó ní, “Àwọn wọ̀nyí, mo mọ ibi tí wọ́n wà.” Mo gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá a gbẹ́ ihò fún èyí tó kù.

Àwọn àgbà ní kí ìyá lè gbàgbé ni wọ́n ṣe ń fi irú ibojì bẹ́ẹ̀ pamọ́. Wọn kò fi ìkà ṣe é. Ṣùgbọ́n mo rí ìyá tí kò gbàgbé, tó kàn ń wá ilẹ̀ tí yóò kúnlẹ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ti kú báyìí, ilé sì ti bo etí oko náà. Bí obìnrin náà bá tún bi mí lónìí, mi ò mọ ibi tí ǹ bá nàka sí.