Ìrọ̀lẹ́ Tí Jọ̀lọ̀ Kọ̀ Láti Yára

Jọ̀lọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe alágbàfọ̀ tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa, nítorí bó bá lọ aṣọ tán, eṣinṣin tó bá bà lé e á yọ̀ ṣubú ni. Èmi tí mò ń gbé lókè wọn ni mo sọ bẹ́ẹ̀, mi ò sì ní kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ọkùnrin gíga ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń rìn bí ẹni tí oorun ṣì kù díẹ̀ lójú rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ o. Ooru inú ṣọ́ọ̀bù ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Láti àárọ̀ ni ìkuukùu áyọ́ọ̀nù á ti bò ó mọ́lẹ̀, àwọn ṣẹ́ẹ̀tì funfun á máa mì lókè orí rẹ̀, òun náà á sì máa mì pẹ̀lú wọn láìmọ̀. Bí èèyàn bá kí i, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn.

Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó rẹ̀, iṣẹ́ alẹ́ ló sì ń ṣe. Bí ọkọ bá ń jí, aya ń wọlé. Bí ọkọ bá ń ti ṣọ́ọ̀bù, aya ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ ibùsùn. Ìrọ̀lẹ́ nìkan ni wọ́n ń rójú ara wọn, ìwọ̀nba àsìkò tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn fi ń rọra sọ̀ kalẹ̀ lára kọ́tìnnì títí á fi kan ilẹ̀. Ojú oorun ni obìnrin fi ń jẹun, ojú àárẹ̀ ni ọkùnrin fi ń sè é. Bóyá ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í jà. Ta ló ráyè ìjà lójú àlá?

Oúnjẹ tó bá irú àsìkò kékeré bẹ́ẹ̀ mu ni yakísobà, núdù díndín àwọn ará Japan. Oníbàárà kan, ọkùnrin ará Japan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ló kọ́ ọ níjọ́ tó jókòó ti ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kó ti gé kábéèjì, kárọ́ọ̀tì àti àlùbọ́sà sílẹ̀ kó tó dáná rárá. Kó jẹ́ kí iná le dáadáa. Kó kọ́kọ́ da ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ sínú páànù, kí ẹ̀fọ́ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà núdù, kó wá da omi sóyà dúdú inú ìgò lé e lórí, kí ọwọ́ rẹ̀ má sì dúró. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú pẹ́, ó ti jinná.

Jọ̀lọ̀ gba ẹ̀kọ́ náà tọwọ́tẹsẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹni kì í fi ẹni sílẹ̀. Orí ìka ló fi ń wọ́n omi sí núdù inú páànù, bó ṣe ń wọ́n ọn sí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì. Á wá fi ṣíbí onígi tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí, kò ní jẹ́ kó wú níbì kan. Bó bá sì ń bù ú sínú àwo, á ṣẹ́ apá ọ̀tún po, á ṣẹ́ tòsì po, á wá rọra tẹ́ ẹ kalẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ á wò ó, á ní, "Ọlọ́run ṣeun tí o ò rán bọ́tìnnì mọ́ ọn."

Ìgbà tó yá, ilé ìwòsàn kan ní ìlú mìíràn, ibi tí èèyàn ń sùn tó ń jí nínú ọkọ̀ ojú irin kó tó dé, pe obìnrin náà síṣẹ́. Ìdí oúnjẹ ló ti sọ ọ́.

"Iṣẹ́ ọ̀sán ni o. Wọ́n ní kí n dá wọn lóhùn lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀."

Jọ̀lọ̀ gbé òkèlè ẹnu rẹ̀ mì. "Ó dáa," ó ní.

Ó dáa kẹ̀! Kí ló dáa níbẹ̀? Fèrèsé wọn ṣí, etí mi náà ò sì di, díẹ̀ ló kù kí n ju bàtà sí i láti òkè. Ẹ̀rù ló ń ba ọkùnrin náà. Ó fẹ́ràn obìnrin yẹn ju bí ẹnu rẹ̀ ṣe lè sọ ọ́ lọ, ó sì rò pé ìrọ̀lẹ́ kékeré tí wọ́n ní ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ òun. Àmọ́ ó ti rí i bí iṣẹ́ alẹ́ ṣe ń jẹ ojú ìyàwó rẹ̀ wọlé, kò sì fẹ́ dí i lọ́nà. Lọ́sẹ̀ náà, gbogbo aṣọ funfun tó bọ́ sí i lọ́wọ́ ló dà bíi yúnífọ́ọ̀mù ìyàwó rẹ̀. Ó lọ apá aṣọ kan títí, olówó aṣọ dúró tì í, kò gbọ́ ọ.

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, Jọ̀lọ̀ dáná. Kò tíì gé nǹkan kan sílẹ̀. Ó jókòó, ó ń ha kárọ́ọ̀tì bí ẹni ń fárí ọmọ tuntun. Ó gé kábéèjì wẹ́wẹ́ bí òwú. Ó wá dín iná kù títí ó fi kù wẹ́lẹ́ wẹ́lẹ́ lábẹ́ páànù. Ìyàwó rẹ̀ ti múra, ó jókòó, ó ń rẹjú, ìmọ́lẹ̀ ń lọ sílẹ̀ lára kọ́tìnnì.

"Ṣé kò tíì jinná ni?"

"Ó ń bọ̀."

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Wọn ò tíì rí núdù Jọ̀lọ̀ ni. Núdù tí iná ò le fún kì í dín, omi ló ń mu. Ó wú, ó já, ó lẹ̀ mọ́ra, kò sí etí tó ṣeé ṣẹ́ po mọ́. Ó fi ṣíbí bù ú sínú àwo, ó gbé e síwájú aya rẹ̀.

Obìnrin náà tọ́ ọ wò. "Kí lèyí?"

"Yakísobà ni."

"Rárá o. Èyí á lẹ ìwé mọ́ ògiri." Ó bojú wo iná wẹ́lẹ́ yẹn, ó tún bojú wo ọkọ rẹ̀. Oorun dá lójú rẹ̀. "Olówó orí mi, ṣé o ń dá mi dúró ni?"

Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Jọ̀lọ̀ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Mo mọ̀ pé iṣẹ́ tó dáa ni. Àmọ́ má lọ. Bí o bá lọ, ta ni n ó máa ti ṣọ́ọ̀bù sáré wálé wá bá?"

Obìnrin náà gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀, omi sì lé ròrò sí i lójú.

"Láti ọjọ́ tí mo ti sọ fún ọ ni mo ti ń retí kí o bi mí pé yàrá mélòó ni ilé ìwòsàn náà fún wa. O kàn ní 'ó dáa.' Mo rò pé ó ti sú ọ ni, pé kí n máa dá lọ."

"Fún wa?"

"Àbí ta ni wọ́n fún? Jọ̀lọ̀, ṣé ìhòhò ni gbogbo ará ìlú yẹn ń rìn, tí wọn ò fi ní wá alágbàfọ̀?"