Ọba Mẹ́rin Lórí Àga Ọkọ Mi

Mo mọ orúkọ àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n fẹ́ gba àga ọkọ mi. Mo mọ orúkọ bàbá wọn, mo sì mọ orúkọ ajá tó bu ọ̀kan nínú wọn jẹ ní kékeré. N kò ní kọ wọ́n síbí. Ìtìjú tí mo ti fún wọn ti tó.

Abẹ́ àtíbàbà adẹ́mu ní Massè ni wọ́n ti ń ta ayò káàtì tí wọ́n ń pè ní pókà ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Ọkọ mi ló kó káàtì náà bọ̀ láti Gabon, níbi tó ti ṣe iṣẹ́ káfíńtà. Òun ló kọ́ wọn, òun ló sì kọ́ èmi náà nílé nígbà òjò. Ekùrọ́ ni wọ́n fi ń ta á. Àga mẹ́rin ló kàn síbẹ̀. Ó gé apá kan lára àga tirẹ̀ kúrú nítorí ìgbọ̀nwọ́ tó ń dùn ún.

Ó kú. Oṣù méjì kò tíì pé tí mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gbé àga náà fún àna ọ̀kan nínú wọn, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Mo wé gèlè dúdú mi, mo fẹsẹ̀ rìn débẹ̀.

"Ìyàwó wa," tíṣà ní, "opó kì í jáde báyìí o."

"Ẹ̀yin ọkọ mi, mo wá jókòó sí àga mi ni."

Adẹ́mu bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé o tiẹ̀ mọ ọba yàtọ̀ sí ayaba?"

"Ẹ pín káàtì. Bí ekùrọ́ mi bá tán, ẹ gbé àga lọ. Bí mo bá kó tiyín, ó di tèmi títí màá fi kú."

Ẹnì kẹta, tó ń fún epo ní Ikpinlè, ní, "Ẹ jẹ́ ó ta á. Kò ní pẹ́ tán."

Márùn-ún márùn-ún ni wọ́n pín in. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pàdánù. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ọba mẹ́rin wọ ọwọ́ mi, pẹ̀lú káàtì olójú mẹ́ta kan tí kò wúlò. Mẹ́rin tó jọra ju mẹ́ta lọ, bó ti wù kí mẹ́ta náà ga tó. Ọkọ mi kò rí irú rẹ̀ rí títí ó fi lọ.

Lọ́dọ̀ wa, opó kì í wo ọkùnrin lójú títí yóò fi bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀. Ilẹ̀ ni mo ti ń wò láti ìgbà tí mo jókòó, wọ́n sì rò pé ẹ̀rù ni. Àṣà tí wọ́n fi dè mí ni kò jẹ́ kí wọ́n rí ojú mi.

"Ẹ fún mi ní ẹyọ kan." Mo ju olójú mẹ́ta náà sílẹ̀.

"Ó ń wá nǹkan!" ni elépo wí.

Kí ni kí n fi lélẹ̀? Ọkọ mi a máa ní ẹni tí ẹran wà nínú okùn rẹ̀ kì í pariwo nínú igbó. Òun ì bá fi ekùrọ́ méjì lélẹ̀, kó sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìdákẹ́ rẹ̀ dáadáa. Bí mo bá sì ń rọra jẹ wọ́n, ilẹ̀ yóò ṣú, wọn yóò ní a kò tíì parí. Mo wo apá àga tó kúrú yẹn, ibi tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti dán, omi sì bọ́ lójú mi. N kò nù ún. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pè é ní wèrè. Mo ti gbogbo ekùrọ́ mi síwájú.

"Ẹni tó bá tẹ̀lé mi, kó kó gbogbo tirẹ̀ wá."

"Ìyàwó wa, ọ̀fọ̀ ló ń dà ọ́ láàmú. Mú díẹ̀ padà," ni tíṣà wí.

"Àbí ẹ̀rù ń bà yín?"

Ọkùnrin wo ni yóò sá fún opó? Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó tiwọn wá. Tíṣà tẹ́ áàsì mẹ́ta, káàtì tó ga ju ọba lọ, ó ti ń na ọwọ́ sí òkìtì náà.

Mo gbé ojú sókè. Mo wò wọ́n lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń tẹ́ ọba kan fún ojú kan, ìkẹrin sì ni mo tẹ́ fún ẹni tó kan àga náà.

"Wò ó, o ń wò wá!" ni tíṣà pariwo.

"Mo ti wo ilẹ̀ tó. Ọkọ mi wà níbẹ̀."

Orí agbada epo tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ ni àna tíṣà ń jókòó sí báyìí. Apá àga náà kúrú jù fún mi, ó ń dùn mí léjìká. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tún un ṣe.