Àgbọ̀nrín Òyìnbó àti Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Mi

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin ní Ọ̀tà, tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba lórí wa, bíríkìlà ni bàbá mi. Ó ní àṣà kan: kì í fa ilé lé onílé lọ́wọ́ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ jókòó sínú rẹ̀ láti ìrun Àìlà títí di Aláàsárì. Ó ní oòrùn ọ̀sán ni yóò sọ bí ilé ṣe rí.

Òyìnbó kan tó ń gbé iṣẹ́ ìjọba fún bàbá mi ń kó ẹranko igbó jọ sẹ́yìn ilé rẹ̀ kí àwọn àlejò lè máa wá wò wọ́n, ó sì ní kí bàbá mi kọ́lé fún àgbọ̀nrín òun. Àwòrán tó mú wá kò jọ ilé tí a mọ̀. Simẹ́ńtì ni gbogbo rẹ̀, ó rí róbótó, kò ní igun, kò ní òrùlé, áḿbọ̀sìbọ́sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ lóde òní nílùú àwọn nìyẹn. Bàbá mi kọ́ ọ bí wọ́n ṣe yà á, ó dán, ó funfun báláú. Kí n má purọ́, ó dùn ún wò.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí, bàbá mi wọlé, ó jókòó. Mo gbé oúnjẹ lọ fún un, mo sì jókòó tì í. Háà! Ilẹ̀ ń jó wa nídìí, ògiri funfun ń gún wa lójú, kò sì síbi tá a lè sá sí. Kó tó di Aláàsárì, ẹkún ni mò ń sun. Inú bí bàbá mi, pàápàá sí ara rẹ̀, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́ ọ.

Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó gé igi, ó já imọ̀ ọ̀pẹ, ó fi ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ ògiri náà nínú. Òyìnbó dé, ó fárígá. Ó ní bí bàbá mi kò bá wó o, kò ní ríṣẹ́ ìjọba gbà mọ́. Bàbá mi sọ fún ògbufọ̀ pé, "Ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n wọlé, kí wọ́n jókòó sínú oòrùn ibẹ̀ di Aláàsárì. Bó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, èmi fúnra mi ni n ó wó o."

Òyìnbó wo inú ilé, ó wo oòrùn, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà dúró, àgbọ̀nrín ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Bàbá mi kò ríṣẹ́ ìjọba ṣe mọ́ títí ó fi kú, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni.

Lónìí, láti Sàngó dé Ìjókò, ilé tí kò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló kún ilẹ̀, ẹ ní ọ̀làjú ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àkọ́bí mi náà mú àwòrán wá, pé òun fẹ́ wó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá mi kí ilé lè bá ìgbà mu. Mi ò bá a jà. Mo gba àwòrán náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé àga sáàárín oòrùn, mo ní kó jókòó síbẹ̀ di Aláàsárì. Kò pẹ́ rárá tó fi gbé àga náà wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò tíì rí àwòrán rẹ̀ gbà títí di òní, nítorí orí àwòrán náà ni mo jókòó lé.