Ẹnu Àyálò Ọdún Mọ́kànlá

Ọdún mọ́kànlá ni Ìdílẹ̀kẹ̀ fi gbé nínú ìlú kan láì fi ẹnu ara rẹ̀ bá ará ìlú náà kankan sọ̀rọ̀. Kì í ṣe odi. Nílé, bí ọ̀rọ̀ bá ti dùn mọ́ ọn, ó lè dá àpárá títí omi á fi bọ́ lójú ẹni tó ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbé ẹsẹ̀ kan jáde, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni ẹnu rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló ń sọ fún dókítà ibi tó ń dùn ún, òun ló ń bá a tọrọ àyè níbi iṣẹ́, òun náà ló sì máa ń sọ fún àwọn akọ̀wé ìjọba pé àbúrò òun kò lọ́kọ, kò bímọ, kò sì fa wàhálà. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí, pẹ̀lú ìyangàn ló máa ń sọ ọ́, bí ẹni ń polówó ẹ̀rọ tí kì í bàjẹ́.

Ìdílẹ̀kẹ̀ kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ló fún un, nítorí ìyàwó tó mọ̀wàá hù kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà fi ọdún mẹ́fà ju onítọ̀hún lọ. Ẹ̀gbọ́n náà ní ìnagijẹ tirẹ̀. Agbẹnusọ ni àwọn tí wọ́n jọ ti ilé wá ń pè é, torí òun ló kọ́kọ́ dé, òun ló kọ́kọ́ gbọ́ èdè, kò sì sí ẹni tí wàhálà gbé dé ọ́fíìsì láàárín wọn tí kò tọ̀ ọ́ lọ. Iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ ni kó máa bójú tó ilé alájà méje kan: kó gbá àtẹ̀gùn, kó pààrọ̀ gílóòbù, kó tú páìpù tó dí. Àmọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kó wá gbẹnu sọ, á gbé kóòtù aláwọ̀ eérú wọ̀, á nu bàtà, ojú rẹ̀ á sì di ojú ẹni tí ìlú ń retí.

Ká má pè é níkà o. Lọ́jọ́ tí ìyá wọn ń kú lọ, ó di ọwọ́ Ìdílẹ̀kẹ̀ mú, ó fi lé ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́, ó ní, "Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ gún un lára." Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀rọ̀ àjèjì tó dé etí Ìdílẹ̀kẹ̀ tí kò kọ́kọ́ gba ọwọ́ ẹ̀gbọ́n kọjá, kó lè yọ eegun inú rẹ̀ bí a ṣe ń yọ ti ẹja fún ọmọdé. Àwọn àgbà ní ẹni tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Òótọ́ ni. Ohun tí òwe náà kò sọ ni pé ní gbogbo ìrìn àjò ọ̀hún, ẹ̀yìn ọrùn ẹni tó pọ̀n ọ́n nìkan ni ẹni a gbé pọ̀n ń rí.

Aṣọ ìbùsùn ilé ìwòsàn ni Ìdílẹ̀kẹ̀ ń ṣẹ́ etí rẹ̀ níbi iṣẹ́, funfun lórí funfun, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀rọ mẹ́rìnlá ló wà nínú yàrá gígùn náà, ní ìlà méjì, fèrèsé sì ga débi pé ojú ọ̀run nìkan ni wọ́n ń rí. Ẹni tó jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì. Opó ni, ilẹ̀ ibòmíràn ni òun náà ti wá, kì í sì í dákẹ́. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ni ìṣòro rẹ̀. Ọdún mẹ́fà gbáko ni Oníbọ́tìnnì fi ń ròyìn ìyàwó ọmọ yìí ní èdè ìlú náà, kò bẹ̀rù, kò sinmi, kò sì retí èsì. Orí tí Ìdílẹ̀kẹ̀ ń mì ti tó o. Bẹ́ẹ̀ ni èdè náà ṣe wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Ohun tí Ìdílẹ̀kẹ̀ kọ́kọ́ mọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe "ẹ káàárọ̀". "Ó ti sú mi" ni. Lẹ́yìn náà ló mọ "kò tiẹ̀ lójútì" àti "ṣé ẹrú rẹ̀ ni mí ni?" Nígbà tó fi máa di ọdún kẹjọ, ó ṣàkíyèsí pé òun lè ráhùn geere ní èdè tí òun kò tíì lè fi tọrọ omi.

Ó fẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n. Ọ̀sẹ̀ tó fẹ́ sọ ọ́ gan-an ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró ti tábìlì ìgéṣọ. Ọ̀gá ní òun fẹ́ kí obìnrin yìí máa kọ́ àwọn ẹni tuntun níṣẹ́, torí ọwọ́ rẹ̀ ló mọ́ jù nínú gbogbo wọn. Ìdílẹ̀kẹ̀ gbọ́ ọ yékéyéké. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dá ọ̀gá lóhùn pé ojú máa ń ti àbúrò òun, pé wàhálà náà á pọ̀ jù fún un. Ó wá yíjú sí i.

"Wọ́n ní o ṣeun. Wọ́n ní iṣẹ́ ẹ dáa."

"Ìyẹn nìkan ni wọ́n sọ, Ẹ̀gbọ́n?"

"Kí lo tún fẹ́ kí wọ́n sọ? Àbí kí wọ́n jó fún ẹ ni?"

Láti ọjọ́ náà ni kò ti lè sọ ọ́ mọ́. Bó bá ní òun gbọ́ èdè, ó ti pe àgbà ní òpùrọ́ nìyẹn. Ó gbé ìmọ̀ náà mì, ó sì ń gbọ́ ohun gbogbo bí ẹni tó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀.

Yàrá méjì ni ilé ẹ̀gbọ́n. Nínú yàrá àwọn ọmọbìnrin, lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ni bẹ́ẹ̀dì Ìdílẹ̀kẹ̀ wà. Bó bá na apá, á kan igi; bó bá na ẹsẹ̀, á kan ògiri. Ó sì ti pé ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Lọ́dún kọkànlá yìí, yàrá kan ṣófo nílé tí Oníbọ́tìnnì ń gbé: fèrèsé kan, ibi ìfọwọ́ kan, àti ilẹ̀kùn tó ṣeé tì láti inú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ìdílẹ̀kẹ̀ lọ wò ó ní àkókò ìsinmi ọ̀sán. Lẹ́ẹ̀kejì, ó jókòó sórí ilẹ̀ pákó, kò ṣe nǹkan kan, ó kàn na ẹsẹ̀. Onílé ní òun á fi yàrá náà sílẹ̀ dè é di ìparí oṣù, kó sáà mú ìwé ìgbélùú wá. Kì í ṣe ìwé tí orúkọ rẹ̀ há sábẹ́ orúkọ ẹlòmíràn. Abẹ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n sì ni tirẹ̀ há sí láti ọjọ́ tó ti dé.

Òfin ìlú náà ní ẹni tó bá ti gbé ibẹ̀ kọjá ọdún mẹ́wàá lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé tirẹ̀, bó bá ti wá sọ ọ́ níwájú akọ̀wé pé òun fẹ́ ẹ. Ọjọ́ tí wọ́n ní kí ìdílé ẹ̀gbọ́n wá tún ìwé ṣe sì bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù. Ìdílẹ̀kẹ̀ rò pé á dáa kí òun kọ́kọ́ tẹ́ ọ̀rọ̀ náà síwájú ẹ̀gbọ́n nílé.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ń rò ó pé kí n gba ìwé tèmi."

"Ìwé tìẹ? Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣé èmi ò tó ìwé ni?"

"Ẹ jẹ́ ó gbà á," ni ìyàwó wí láti ibi tó ti ń ká aṣọ. "Ṣé á fi fò lọ ni?"

"Ẹni tó ń wá ìwé tirẹ̀, ilé tirẹ̀ ló ń wá. Àbí ilé ti há mọ́ ọn?"

"Kò há o, Ẹ̀gbọ́n," ni Ìdílẹ̀kẹ̀ dáhùn. "Ó kàn jẹ́ pé igi kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ti wá mọ ìgúnpá mi ju èmi alára lọ."

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n pàápàá rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe ń kú nínú ẹbí: ẹnikẹ́ni kì í pa á, ẹ̀rín la máa ń rín bò ó mọ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ ọ́fíìsì, akọ̀wé tó pè wọ́n wọlé kò tíì tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Yàrá rẹ̀ fún, àga méjì ló wà níwájú tábìlì, Ìdílẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n sì jókòó débi pé èjìká wọn ń kanra. Ó béèrè tibí, ó béèrè tọ̀hún, ẹ̀gbọ́n ń dáhùn. Nígbà tó yá, ó gbé ojú kúrò lára ẹ̀gbọ́n, ó wo Ìdílẹ̀kẹ̀.

"Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kí á fi wọ́n sílẹ̀ lábẹ́ ìwé yín, tàbí wọ́n fẹ́ ìwé tiwọn. Kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀tọ́ wọn ni."

Ẹ̀gbọ́n mi orí. "Wọ́n ní ṣé ara tù ẹ́ lọ́dọ̀ wa?"

Kí ni ọmọ tí a kọ́ nílé á ti dáhùn sí irú èyí, bí kò ṣe pé ara tu òun, òun dúpẹ́? Òtítọ́ tilẹ̀ ni pẹ̀lú, ibẹ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Bó bá ti sọ òtítọ́ yẹn pẹ́nrẹ́n, ẹ̀gbọ́n á gbé e kọjá sí òdìkejì tábìlì, á sì di èsì sí ìbéèrè mìíràn. Ìdílẹ̀kẹ̀ wo ilẹ̀. A kì í já àgbà ní koro lójú àlejò. Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ fún mi. Bí wọ́n ṣe bi yín gan-an ni kí ẹ ṣe sọ ọ́."

"Kí lo ní?"

"Gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ sọ, Ẹ̀gbọ́n. Títí kan ti ẹ̀tọ́ yẹn."

Èjìká ẹ̀gbọ́n tó kan tirẹ̀ le gbandi.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́."

"Ó ti pẹ́ tó ìgbà wo, mo ní?"

"Mo gbọ́ ohun tí ọ̀gá sọ nídìí tábìlì ìgéṣọ."

Akọ̀wé wo àwọn méjèèjì, ó ní ṣé kò sí o. Ẹ̀gbọ́n ní kò sí. Ó fa kóòtù rẹ̀ wálẹ̀, ó sì tún ìbéèrè náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìyọ ẹyọ kan nínú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ gbẹ. Ìdílẹ̀kẹ̀ dúpẹ́, ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo fẹ́ ìwé tèmi."

Ìbá ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ó gba ẹnu ẹ̀gbọ́n jáde, kó má baà dà bíi pé ó já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n yíjú sí akọ̀wé. "Ó ní òun ṣì fẹ́ lọ rò ó."

"Kò burú," ni akọ̀wé wí, ó sì ti ń kọ ọ́. "Oṣù mẹ́fà ni a ń fún irú wọn. Wọ́n á wà lábẹ́ yín títí dìgbà náà. Kí wọ́n fọwọ́ sí i níbí."

Bírò dé ọwọ́ Ìdílẹ̀kẹ̀. Yàrá tó ṣófo yẹn kò lè dúró ju ọjọ́ márùn-ún mọ́. Ẹ̀gbọ́n fi ìka han ibi tí yóò fọwọ́ sí, pẹ̀lú sùúrù, bó ṣe máa ń fi hàn án láti ọdún mọ́kànlá.

"Rárá," ni Ìdílẹ̀kẹ̀ wí ní èdè ìlú náà. "N kò fẹ́ rò ó. Ìwé tèmi ni mo fẹ́."

Ohùn tó bá a jáde kò bá ojú rẹ̀ mu rárá, ohùn ìyá ọkọ tí inú ń bí ni, torí irú rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Akọ̀wé ta gìrì. Ó fa ohun tó ti kọ rẹ́.

Lórí bẹ́ǹṣì ìta, ẹ̀gbọ́n jókòó bí ẹni tí wọ́n bọ́ nǹkan kúrò lọ́rùn rẹ̀.

"O dójú tì mí."

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bẹ̀ yín kí n tó ṣe é."

"Ṣé o mọ iye ìsọkúsọ tí mo ti gbé mì nítorí ẹ? Ọ̀gá ẹ àkọ́kọ́ pè ẹ́ ní ẹran, mo ní ó ń kí ẹ!"

"Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n. Àwọn ọ̀rọ̀ dáadáa wá ńkọ́, tí ẹ gbé mì mọ́ wọn?"

Ẹ̀gbọ́n dìde, ó lọ síbi tí bọ́ọ̀sì ń dúró sí. Ìjókòó iwájú ló mú.

Ohun tí Ìdílẹ̀kẹ̀ kò mọ̀ ni pé ẹ̀tọ́ kì í yára bí ìfẹ́ inú ẹni. Ọ̀sẹ̀ méjìlá ni ìwé náà yóò gbà kó tó jáde. Kó tó jáde, abẹ́ ẹ̀gbọ́n náà ni orúkọ rẹ̀ wà. Onílé bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, ó sì fi yàrá náà fún ẹlòmíràn. Ìdílẹ̀kẹ̀ padà sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, sínú ilé tí ẹ̀gbọ́n kò ti bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Kì í ṣe pé ẹ̀gbọ́n kò lọ́rọ̀ láti sọ o. Ìyàwó rẹ̀ ló ń rán. Orí tábìlì kan náà ni wọ́n ti ń jẹun, omi tí ọ̀kan bá mu ni èkejì ń mu. Síbẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n bá fẹ́ iyọ̀ tó wà níwájú Ìdílẹ̀kẹ̀, ìyàwó ló máa ní kó bá òun gbà á. Obìnrin tí kò gbọ́ ju iye owó ọjà lọ ní èdè ìlú náà wá di ògbufọ̀ nínú èdè tí ìyá bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ̀gbọ́n gbé síbí sílẹ̀.

"Sọ fún un," ó ní, "pé lọ́jọ́ tó bá kó jáde nílé yìí, kó má padà wá síbẹ̀ mọ́."

Ìyàwó nu ọwọ́ nù. Ó yíjú sí Ìdílẹ̀kẹ̀ tó jókòó ní ìwọ̀n apá kan sí ọkọ rẹ̀.

"Ìdílẹ̀kẹ̀, wọ́n ní tí ẹ bá kó lọ, kí ẹ máa wá kí wa lọ́jọọjọ́ Àìkú."

Ìdílẹ̀kẹ̀ wo oúnjẹ tó wà níwájú rẹ̀.

"Ìyàwó wa, ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo gbọ́. Ẹ ní mo dúpẹ́."

Ẹ̀gbọ́n dúró, ó tẹjú mọ́ àwo, títí ìyàwó rẹ̀ fi jíṣẹ́ náà fún un. Ìgbà náà ló tó mi orí.