Àwọn Orúkọ Òpópónà Tí Wọ́n Pa Rẹ́

Nígbà tí ẹ̀gbà mú ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lẹ́sẹ̀, kò lè jáde mọ́. Olùkọ́ jọ́gíráfì tó ti fẹ̀yìn tì ni. Inú ilé rẹ̀ ní Adéwọlé ló ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́. Èmi ni mo fi máàpù kan hàn án lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èyí tí ẹnikẹ́ni lè fi ohun tó mọ̀ kún, tí gbogbo ayé sì ń lò lọ́fẹ̀ẹ́. Ojú ọ̀nà Ìlọrin wà níbẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn ni kò lórúkọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun á kọ orúkọ wọn sí i. Iṣẹ́ náà gbà á lọ́kàn débi pé ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fá irùngbọ̀n rẹ̀.

Orúkọ kún Adéwọlé, ó kún àdúgbò Fate. Mo rò pé ó ń rántí wọn ni. Àfìgbà tí ọ̀kan nínú àwọn alábòójútó máàpù náà kọ̀wé sí wa: níbo la ti rí òpópónà kan ní Fate? Kò sí ohun tó jọ ọ́ níbẹ̀.

Mo bi í, “Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ ti mú un?”

Ó nawọ́ sí máàpù ńlá kan tó tẹ́ sórí tábìlì, èyí tó rà nígbà tó ń kọ́ ọmọ. “Inú èyí ni.”

Mo ṣàlàyé fún un pé àwọn tó ń tẹ máàpù máa ń fi òpópónà tí kò sí kún un, kí wọ́n lè mú ẹni tó bá dà á kọ.

“Orúkọ àdúgbò wá di ti ẹnì kan?”

“Àwọn ló kó o jọ, sà. A ò gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn.”

A kọ̀wé tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó tẹ̀ ẹ́. Wọn ò fèsì. Lẹ́yìn náà, àwọn alábòójútó máàpù orí íńtánẹ́ẹ̀tì pa gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n mi kọ rẹ́, ojúlówó àti irọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Fate, mo ń ya fọ́tò àwọn pátákó ojú pópó, kí a lè ti ibẹ̀ tún orúkọ wọn kọ. Ọ̀pọ̀ wọn ti wó. Ní òpópónà kan, obìnrin kan dárúkọ kan fún mi, mẹkáníìkì tó wà níwájú ilé rẹ̀ dárúkọ mìíràn. Mo ń kó fọ́tò náà lọ fún ẹ̀gbọ́n mi, àmọ́ kì í fọwọ́ kan fóònù mọ́. “Fi síbẹ̀,” ni gbogbo èsì rẹ̀. Ó kú lásìkò òjò.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyàwó rẹ̀ ní kí n ṣí máàpù orí íńtánẹ́ẹ̀tì náà fún òun.

“Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni bàbá àwọn ọmọ kọ níbẹ̀?”

Mo wo máàpù náà títí. Kò ku ìkankan.