Òkúta Inú Òrùka Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Wọ́n ń sọ kiri pé Adúmáradán yọ dáyámọ́ńdì inú òrùka ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fi ayédèrú rọ́pò ẹ̀. Irọ́ gbuu ni. Ṣọ́ọ̀bù tèmi ló kọjú sí tiẹ̀, mo mọ bó ṣe jẹ́.

Ìyàwó yìí kan náà ló sọ ọ́ ní Adúmáradán lọ́jọ́ tó wọlé wọn, tí gbogbo wa fi gbà á lẹ́nu ẹ̀. Iṣẹ́ Adúmáradán ni kó máa tún òrùka ṣe, kó sì máa wo òkúta fún ẹni tí ò fẹ́ kí wọ́n ta gíláàsì fún òun. Tábìlì rẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé, ó tẹ́ aṣọ funfun sí i nítorí òkúta tó bá já bọ́. Á kọ́kọ́ fẹnu mí hàà sí òkúta. Bí èémí bá pẹ́ lára ẹ̀, á ní, "Gíláàsì ni, ẹ mú un fọ́mọ ṣeré." Bí èémí bá pòórá kíá, á mú ẹ̀rọ kan tó dà bíi bírò, á fi ṣóńṣó ẹ̀ kan òkúta náà. Dáyámọ́ńdì kì í jẹ́ kí ooru dúró lójú kan. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ á ké fíì.

Ọdún méjìlá sẹ́yìn, ó ké fíì fún òrùka tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rà fún ìyàwó. Adúmáradán ní ojúlówó ni. Ìyàwó jó yí tábìlì ká.

Lọ́dún yìí, ìka ìyàwó sanra, ó gbé òrùka wá kí wọ́n bá òun fẹ̀ ẹ́. Adúmáradán há awò kékeré sójú, ó yí òkúta náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Etí òkúta tó yẹ kó jẹ́ ìlà kan, méjì-méjì ló ń rí i, bíi ti ọ̀mùtí. Mọ́sánáítì ni, òkúta tó jọ dáyámọ́ńdì tí wọ́n ń ṣe nílé iṣẹ́. Òun náà kì í jẹ́ kí ooru dúró, ó sì ń tan ẹ̀rọ jẹ. Ẹni tó ta ẹ̀rọ fún un ò sọ ìyẹn.

Ṣé kó dákẹ́ ni? Ta ni ì bá mọ̀? Kò lè dákẹ́.

"Ìyàwó wa, òkúta yìí kì í ṣe dáyámọ́ńdì."

"Adúmáradán, ẹ yéé ṣeré."

"N ò ṣeré."

"Ẹ̀yin náà lẹ ní dáyámọ́ńdì ni! Dáyámọ́ńdì ni mo sì gbé wá láàárọ̀ yìí. Ibo ló gbà lọ?"

Wọ́n ní òótọ́ dọ́jà ó kùtà. Tiẹ̀ ò tíì dé ọjà rárá tí wọ́n fi ń lé e padà. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti dolè ládùúgbò.

Bẹ́ẹ̀, gbogbo òkúta tó bá wò ló máa ń yà sínú ìwé kan, kó lè dá a mọ̀ bó bá padà wá. Ó tú u títí ó fi rí i: òkúta róbótó, ìlà funfun mẹ́ta tó rí bí abẹ́rẹ́ nínú ẹ̀, méjì gùn, ọ̀kan kúrú. Ló bá gé ìka àbámọ̀ jẹ. Àmì mọ́sánáítì gan-an labẹ́rẹ́ yẹn. Ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi yà á, tó tún kọ "ojúlówó" sábẹ́ ẹ̀. Bó bá fi ìwé hàn, kò jalè, àmọ́ òpè ni. Bí ò bá fi hàn, olè ni.

Ọjọ́ méjì ló fi jókòó ti ìwé yẹn. Lọ́jọ́ kẹta, ó pe tọkọtaya náà, ó gbé ìwé àti awò fún ìyàwó. Ìyàwó wo òkúta inú òrùka, ó wo ìwé. Méjì gùn, ọ̀kan kúrú.

Ẹ̀gbọ́n mí kanlẹ̀. "Ẹ ò rí i? Mo ní àbúrò mi ò lè jalè."

Ìyàwó fi awò lélẹ̀. "Ó dáa, o ò jí i. Kí wá lo ti ń wò látọjọ́ yìí?"

Ẹ gbọ́ "o" yẹn. Kò pè é ní Adúmáradán mọ́ látìgbà náà.

Nígbà tí mo lọ kí i, ó kan ń nu tábìlì tí ò dọ̀tí, ó ń nù ún bí ẹni ń bá a jà. Mo bọ́ òrùka tèmi, tóun náà yẹ̀ wò fún mi nígbà kan, mo gbé e síwájú ẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án.

"Tì í bọwọ́ padà," ó ní. "Bí mo bá wò ó, màá sọ."