Ọlágòkè Fẹ́ Kúrò ní Rélùwéè

Ní tíṣọ̀n rélùwéè Òṣogbo, Ọlágòkè la fi ń ṣe ẹlẹ́yà, èmi Mùíbì ni mo sì máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín náà. Láti Òkè Baálẹ̀ ló ti ń fẹsẹ̀ rìn wá síbi iṣẹ́, lójò lẹ́ẹ̀rùn. Bí ó bá ti jáde nílé, á bọ́ bàtà sábíyá kí ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀ má baà tètè jẹ. Bí ó bá dé ẹ̀yìn ilé ẹrù, á fomi ṣan ẹsẹ̀, á wọ bàtà, á wọlé bí ọ̀gá. Àwa ọmọ Òṣogbo á ní, "Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti ń muná roko!" Ọlágòkè á jókòó ti tábìlì rẹ̀ tó kọjú sí tèmi, á máa kọ iye àpò koko tó ń bá ọkọ̀ lọ sí Èkó.

Ọdún 1961 ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà sí mi létí. Ó ní, "Mùíbì, ọjọ́ tí mo bá pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta, mo ń lọ." Òfin gbà á lóòótọ́. Ẹni tó bá pé márùndínláàádọ́ta lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí òun fẹ̀yìn tì, wọn á sì fún un lówó rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń bẹ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀? Gbogbo wa ló fẹ́ jókòó títí a ó fi pé márùndínlọ́gọ́ta tí wọ́n á fi lé wa jáde. Mo bi í pé ibo ló ń lọ. Ó ní oko bàbá òun ní Ìbòkun. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Akọ̀wé tó ń jókòó lábẹ́ fáànù, tó fẹ́ lọ máa fọ́ koko!

Ṣùgbọ́n oko náà kò sí lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí Ọlágòkè fẹ́ wọ ilé ìwé girama, bàbá rẹ̀ ti fi oko koko náà dógò lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Adéjọbí, ó gba ọgọ́rin pọ́n-ùn. Ẹni tí kò bá mọ àṣà ògò koko á rò pé ohun kékeré ni. Olówó ló ń kórè oko tí wọ́n fi dógò. Ọdọọdún ló ń kó koko, ọdọọdún ló ń tà á, èyí tó bá sì tà kò yọ kọ́bọ̀ kan kúrò nínú gbèsè. Ọjọ́ tí ẹ bá gbé ọgọ́rin pọ́n-ùn kalẹ̀ lódindi lẹ tó lè gba oko yín. Ẹ ò lè mú mẹ́wàá wá lónìí, kí ẹ mú mẹ́wàá wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí Adéjọbí ti ń kórè nígbà tí Ọlágòkè sọ fún mi. Inú bí mi fún un. Mo ní, "Ọkùnrin yẹn ti gba owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá!" Ó ní, "Àdéhùn ni, Mùíbì." Àwọn Ìjẹ̀ṣà àti àdéhùn!

Ẹ ó rò pé ẹni tí gbèsè bẹ́ẹ̀ ń dúró dè kò ní fọwọ́ kan òmíràn. Lọ́dún 1963, ó lọ yá ẹgbẹ̀ta pọ́n-ùn lọ́dọ̀ àwọn tó ń yá òṣìṣẹ́ lówó ilé, ó fi kọ́ ilé oníyàrá mẹ́fà sí Òkè Baálẹ̀. Wọ́n gba ìwé ilẹ̀ àti ìwé ilé lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n tì í mọ́ inú àpótí irin wọn. Ọdún méjìlá ni wọ́n á fi máa yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ ni pé owó ayálégbé á máa bọ́ ilé, gbèsè ilé á tán lọ́dún 1975, ọdún yẹn gan-an lòun á sì pé márùndínláàádọ́ta. Ó ya gbogbo rẹ̀ sórí ìwé fún mi, ó fi rúlà fàlà sí i. N kò rí ibi tó ti ṣìṣe.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fún ara rẹ̀ lọ́rùn nìyẹn. Kò mu ọtí, kò mu sìgá, kò dá ẹgbẹ́ afẹ́ kankan. Aṣọ iṣẹ́ rélùwéè ló ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, á kàn yọ bọ́tìnnì idẹ rẹ̀, á fi ti egungun sí i. Yàrá márùn-ún ló fi háyà, òun àti Juliánà ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ mẹ́rin ń gbé yàrá kan. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Juliánà ju ṣíbí sílẹ̀.

"Bàbá Abíọ́lá," ó ní, "ayálégbé ń sùn ní yàrá méjì, onílé ń sùn ní ọ̀kan. Ta ló nilé nínú wa?"

"Àwọn tí ìwé ilé wà lọ́wọ́ wọn ni," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn.

"Ẹ̀ ń fi ìgbà tí a lágbára ra ìgbà tí a ó darúgbó."

Ilẹ̀ ni mo ń wò, torí pé òótọ́ ni obìnrin náà sọ.

Lọ́dún 1967 bàbá rẹ̀ kú. Ọlágòkè ti kó àádọ́ta pọ́n-ùn jọ láti gba oko. Àwọn ẹbí pèpàdé, wọ́n ní àgbà tó bímọ sí rélùwéè kò gbọdọ̀ wọlẹ̀ bí adìẹ. Wọ́n ní màlúù, wọ́n ní pósí tó ń dán. Ọlágòkè bẹ̀ wọ́n. Ó ní ẹ jẹ́ ká fi owó yìí gba oko tí bàbá kú láì rí gbà, ìyẹn ni yóò tẹ́ òkú lọ́rùn. Wọ́n pè é ní ahun lójú gbogbo ayé. Àádọ́ta pọ́n-ùn náà lọ, ó tún yá ogójì lé e lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Adéjọbí wà níbi òkú náà, ó jẹ nínú màlúù, ó sì ṣàdúrà fún ẹbí. Títí di bí mo ṣe ń kọ eléyìí, bí mo bá rántí bí ọkùnrin yẹn ṣe ń fa egungun ya, inú á bí mi.

Ọlágòkè tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́jọ gbáko ló tún fi ṣọ́ owó jọ. Nígbà tí ìjọba sọ pọ́n-ùn di náírà, ó wá bá mi pẹ̀lú ojú pípọ́n, ó ní gbèsè oko ti di ọgọ́jọ náírà. Mo ní owó kan náà ni. Ó ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n ó ń dun òun láti rí i lórí ìwé.

Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975, owó Udójì dé. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ á rántí. Àfikún owó oṣù ni, pẹ̀lú àjẹsílẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù, wọ́n dà á lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ará Òṣogbo ya wèrè. Mo ra alùpùpù Họ́ńdà, mo ra rédíò alágbohùnsílẹ̀, mo sì tún fẹ́ ìyàwó kejì, ẹ má bi mí bó ṣe rí níkẹyìn. Ọlágòkè kò ra abẹ́rẹ́. Ó san owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tán. Ó san ìyókù owó ilé, wọ́n sì kó ìwé rẹ̀ fún un. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó gbé ọgọ́jọ náírà lọ sí Ìbòkun, ó kà á lé Adéjọbí lọ́wọ́ lójú ẹlẹ́rìí mẹ́ta, ó gba oko.

Oko ti di igbó. Ẹni tó ń kórè ògò kì í tún oko ṣe, kí ló kàn án? Igi ti gbó, ìdajì ti kú, òmíràn kò so mọ́. Ọlágòkè ní kò burú. Owó ìfẹ̀yìntì òun ni òun á fi ro ó, òun á fi gbin koko tuntun, ọdún mẹ́rin sí márùn-ún ló máa so. Ó ní ìdí rèé tí òun fi fẹ́ lọ nígbà tí òun ṣì lè gbé àdá. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí n kò fi í rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó kọ ìwé pé òun fẹ́ fẹ̀yìn tì, ó sì ní kí n sin òun lọ sí Ìbàdàn, níbi tí fáìlì wa wà.

Akọ̀wé tó gbà wá lálejò ń jẹ́ Béjidé, ọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ tó ń fi ìka lu tábìlì bí ó bá ń kàwé. Ó ka ìwé Ọlágòkè. Ó ṣí fáìlì. Ó tún ka ìwé.

"Ọ̀gbẹ́ni Ọlágòkè, ẹ tètè dé púpọ̀," ó ní. "Ẹ padà wá lọ́dún 1981."

"Ọ̀gá, ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta ni mí."

"Mọ́kàndínlógójì lẹ wà níbí."

Ó yí fáìlì sí wa. Ìwé ìbúra ọjọ́ orí ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Àbúrò bàbá Ọlágòkè, Bàbá Awóníyì, ló búra ní kọ́ọ̀tù Iléṣà lọ́dún 1954 pé ọdún 1936 ni wọ́n bí ọmọ náà. Ọdún 1930 ni wọ́n bí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tí gbogbo wa mọ̀. Láyé ìgbà náà, ọjọ́ orí méjì ni òṣìṣẹ́ ń ní, ti ilé àti ti rélùwéè. Èmi fúnra mi, mo yọ ọdún mẹ́rin, mo sì ń dúpẹ́ títí dòní. Ṣùgbọ́n Ọlágòkè kò yọ nǹkan kan. Mẹ́rìnlélógún ló jẹ́ nígbà tí a wọṣẹ́, wọ́n sì ń gba ẹni ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, kò sí ohun tó ń lé e. Kọ́ọ̀tù ti lẹ àpò ìwé náà pa, Ọlágòkè sì gbé e fún òyìnbó tó ń gbà wá síṣẹ́ láì ṣí i, torí pé Bàbá Awóníyì kì í purọ́. Òṣìṣẹ́ kì í sì í rí fáìlì ara rẹ̀.

Ọlágòkè ní òun á mú ẹ̀dà ìwé ìrìbọmi wá láti ṣọ́ọ̀ṣì Ìbòkun. Béjidé dìde, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ gbọ́," ó ní. "Bí ẹ bá mú ìwé yẹn wá, a jẹ́ pé ìbúra irọ́ lẹ fi wọṣẹ́. Wọn á lé yín, ẹ ò ní rí kọ́bọ̀. Bí ẹ bá sì kàn fiṣẹ́ sílẹ̀ báyìí, ẹ ò tíì tó fẹ̀yìn tì, owó ọdún mọ́kànlélógún á wọgbó. N kò rí ìwé yìí lónìí. Ẹ máa lọ sílé, ẹ máa ṣiṣẹ́ yín."

Nínú ọkọ̀ ojú irin, bí a ṣe kọjá Ìwó, Ọlágòkè bẹ̀rẹ̀ sí í bú Bàbá Awóníyì. N kò mọ̀ pé Ọlágòkè mọ èébú. Ó ní bí òun bá fojú kan ẹ̀gàn àgbà yẹn, òun á bi í ẹni tó rán an níṣẹ́. Òun á bi í bóyá àgbà náà ló ń bá òun fẹsẹ̀ rìn, bóyá àgbà náà ló ń há mọ́ yàrá kan. Ó ní bí òun bá lo ọdún mẹ́fà sí i, àwọn igi tó ṣẹ́kù á ti kú tán, òun á ti lé ní àádọ́ta, ta ni yóò wá gbé àdá? Ó fi ẹ̀ṣẹ́ lu ìjókòó tó bẹ́ẹ̀ tí ìyálọ́jà kan fi kó ẹyin rẹ̀ sún. Mo ní kó sọ gbogbo rẹ̀. Mo ní màá bá a dé Ìbòkun kó má baà sọ ọ́ di pẹ̀lẹ́.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e la débẹ̀. Bàbá Awóníyì ti di arúgbó, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà lórí àga. Ọlágòkè kò tiẹ̀ dọ̀bálẹ̀ dáadáa. Ó ní, "Bàbá, mo ti rí ìwé tí ẹ búra sí fún mi."

Ojú àgbà náà yí padà. Ó mi orí díẹ̀díẹ̀.

"Ṣé o ti rí i?" ó ní. "Mo ní kí ọjọ́ ikú mi tó dé, màá sọ fún ọ. Ní ọdún yẹn, akọ̀wé kọ́ọ̀tù ní uṣẹ́ òyìnbó dùn, ṣùgbọ́n ọ̀n ka ọdún mọ́ èèyàn lọ́wọ́, tó bá pé wọ́n á lé e wá sí ulé. Mo ro bàbá rẹ tó fi oko dógò nítorí rẹ. N kò ní eó tí mo lè fi ràn án lọ́wọ́. Mo wá ní kí n fi ohun tí mo ní ràn án." Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. "Ọwọ́ yìí ni mo fi lé Bíbélì tí mo fi purọ́. Láti ọjọ́ náà n kò jẹ oúnjẹ alẹ́ Olúwa mọ́. Wọ́n fẹ́ fi mí jẹ bàbá ìjọ lẹ́ẹ̀mejì, mo ní n kò yẹ. Ọdún mọ́kànlélógún, mo ń jókòó lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì bí àwọn míì bá ń lọ síbi tábìlì. Kò dùn mí, Ọlágòkè. Bí mo bá ti rántí pé ọdún mẹ́fà wà níwájú rẹ tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà, inú mi á dùn."

Ibì kan nínú ilé, wọ́n ń gún nǹkan. Mo wo Ọlágòkè.

"Ṣé wọn kò tíì lé ọ?" ni àgbà náà bi í.

"Rárá o, Bàbá. Ọdún mẹ́fà náà ṣì wà níwájú mi."

Àgbà náà pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ọlágòkè dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé gan-an, Bàbá."

Bàbá Awóníyì fi ọwọ́ ọ̀tún náà wá orí rẹ̀ títí ó fi bà á, ó gbé e lé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà. Ó ní kí Ọlọ́run tún bá òun fi ọdún kún èyí tí òun fi kún un, kí ó pẹ́ títí nídìí uṣẹ́ rélùwéè.

Èmi kò lè ṣe àmín. Ọlágòkè ní, "Àmín, Bàbá."